Màmá mi ti lé lọ́dún kan nílé: ṣé green card wọn ti bọ́ ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni mí báyìí, èmi ni mo sì kọ̀wé fún màmá mi tí wọ́n fi rí green card gbà ní 2021. Wọ́n bá wa gbé fún ọdún méjì ó lé, wọ́n bá mi tọ́ ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé fún oṣù mẹ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ la rà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n padà ni wọ́n ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun itan wọn ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Oṣù kẹtàlá rèé tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ báyìí.

Ẹnì kan sọ fún mi pé oṣù mẹ́fà péré ni òfin gbà, pé káàdì ti bọ́. Ẹlòmíràn ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ 2031 ló wà lára káàdì, kí wọ́n ṣáà wọ bàálù. Èwo ni ká gbà? Ohun kejì ni pé màmá fẹ́ràn ilé púpọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ padà wọlé, wọ́n á fẹ́ máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún nílé, kí wọ́n kàn máa yọjú sí wa. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ara wọn á le. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má tíì wọ bàálù kankan, kí wọ́n má sì tọwọ́ bọ ìwé kankan títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn ló ṣì í. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó mú oṣù mẹ́fà wá. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé green card bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lo oṣù mẹ́fà lẹ́yìn odi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá kúrò fún ohun tó ju ọjọ́ 180 lọ láìwọlé rárá, nígbà tó bá dé, òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti wọlé. Ìbéèrè á pọ̀, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé wọ́n bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí pé wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún kan ni ààlà tó le. Ẹni tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn odi lè fi káàdì náà wọlé. Tó bá ti lé lọ́dún kan, káàdì nìkan kò tó mọ́, ì báà jẹ́ 2031, ì báà jẹ́ 2035 ló wà lára rẹ̀. Déètì yẹn, ti ike tó wà lọ́wọ́ yín ni. Ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú kì í bá a lọ, kì í bá a bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí déètì káàdì rẹ̀ ti kọjá, tó sì wà ní Amẹ́ríkà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò fi pàdánù ohunkóhun ju pé kó fi fọ́ọ̀mù I-90 gba tuntun lọ. Ìdí kan náà ni ẹlòmíràn fi lè mú káàdì tó ń dán gbinrin lọ́wọ́, kí ẹ̀tọ́ tó wà nídìí rẹ̀ sì ti lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù mọ èyí dáadáa, nítorí ìjọba máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé wá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá màmá padà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún wọn.

Kí wá ni òfin ń wò? Ibi tí ilé èèyàn wà. Green card kì í ṣe físà àbẹ̀wò. Ìwé ibùgbé ni. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò ni pé: kí ló gbé ẹni yìí lọ, ṣé ó ní ìgbà tó fi í sí, ṣé nǹkan tí kò lágbára lé lórí ló dá a dúró, àti pé ní gbogbo àkókò yẹn, Amẹ́ríkà ni ó ṣì kà sí ilé rẹ̀ àbí ibòmíràn? Ní 1988, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n dá ẹjọ́ ìyá kan tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Japan, níbi tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà. Ọdọọdún ni ìyá yìí ń wọ Amẹ́ríkà fún ìgbà díẹ̀ kí káàdì má bàa bọ́. Ìgbìmọ̀ náà ní ó ti fi ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀, nítorí yíyọjú lọ́dọọdún kò sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ fi ẹjọ́ yìí sọ́kàn, torí a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí ìbéèrè yín kejì.

Ọ̀ràn ti màmá yàtọ̀ gedegbe. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n bá lọ, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wà nílẹ̀, egungun ló ṣẹ́. Irú wọn gan-an ni físà tí wọ́n ń pè ní SB-1 wà fún, ìyẹn físà olùgbé tó ń padà bọ̀. Ẹ́ḿbásì tàbí kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà tó wà nítòsí wọn ni wọ́n ti máa béèrè fún un, fọ́ọ̀mù DS-117 ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé olùgbé ni wọ́n lóòótọ́ nígbà tí wọ́n kúrò, pé wọ́n ní i lọ́kàn láti padà, ọkàn yẹn kò sì yí, àti pé ohun tí wọn kò lè ṣàkóso ló fà á tí wọ́n fi pẹ́. Bí kọ́ńsúlù bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tún lọ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí ẹ́ḿbásì yàn, wọ́n á sì san owó físà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ìwé ló máa ń pinnu ọ̀ràn SB-1, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn rere tí wọ́n kùnà. Wọ́n á mú lẹ́tà kan ṣoṣo látọ̀dọ̀ dókítà wá, tó kọ pé "aláìsàn yìí ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa." Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Kọ́ńsúlù fẹ́ mọ ọjọ́ tí màmá ṣubú, ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, ohun tó fa èkejì, ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní bẹ́ẹ̀dì, ìgbà tí dókítà ní wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ nínú bàálù, àti ìgbà tó yọ̀ǹda fún wọn. Kí àwọn ọjọ́ yẹn tẹ̀ léra láìsí àlàfo. Bí àlàfo oṣù mẹ́rin bá wà láàárín iṣẹ́ abẹ èkejì àti ìsinsìnyí, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè máa bọ́ sí, nítorí náà ẹ ti ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́: ṣé fisiotẹ́rápì ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ni? Àwòrán egungun, rìsíìtì ilé ìwòsàn, orúkọ oògùn, gbogbo rẹ̀ ló wúlò.

Ẹ tún wá ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ yín ni ilé wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ tí wọn kò lò yẹn, wúrà ni. Bí ẹ bá ti pa á rẹ́ lórí fóònù, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ bàálù tún un fi ránṣẹ́. Àkáǹtì báńkì wọn ní Amẹ́ríkà, káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀, ìnṣọ́ránsì ìlera, lẹ́tà tó ń bá orúkọ wọn wá sí àdírẹ́sì yín, ìwé owó orí tí ẹ ti kọ orúkọ wọn bí ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àní ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ ń kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní owó tó ń wọlé, tí wọ́n sì ti kọ ìwé owó orí bí ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún lọ́yà yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ìyẹn lè ba gbogbo ẹ̀rí yòókù jẹ́.

Bí kọ́ńsúlù bá kọ̀ ńkọ́? Ọ̀nà kò tíì dí. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tó ti pé ọdún 21 ni yín, òfin sì ka òbí irú yín mọ́ àwọn ìbátan tí kò sí òǹkà tí wọ́n fi dá físà wọn dúró lọ́dún. Ẹ lè tún fọ́ọ̀mù I-130 kọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó tún fi hàn pé owó tó ń wọlé fún yín tó ìdá 125 nínú 100 iye tí ìjọba kà sí ààlà òṣì fún ìdílé bí tiyín. Á gba oṣù púpọ̀, owó á jáde lápò yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Bí egungun bá ṣì ń dun màmá, mo tiẹ̀ lérò pé ọ̀nà yìí lè tù wọ́n lára ju kí wọ́n máa sáré ẹ̀rí kiri.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí wọ́n ṣáà máa bọ̀, pé òṣìṣẹ́ ẹnubodè á ṣàánú àgbà. Lóòótọ́ ni, òfin fún òṣìṣẹ́ náà láyè láti fojú fo ìwé tí kò pé. Ó sì tún fún un láyè láti gbé fọ́ọ̀mù I-407 síwájú màmá, kó ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìtumọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni pé, "mo fi ọwọ́ ara mi dá ẹ̀tọ́ ibùgbé mi padà." Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé iwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó dájú gbangba múlẹ̀ pé ó ti fi ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ́ màmá ní gbólóhùn kan, ní èdè tí ẹnu wọn bá gbà: "Mi ò tọwọ́ bọ̀wé, mo fẹ́ rí adájọ́." Kí wọ́n bèèrè ògbufọ̀ bí wọn kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí wọ́n má sì purọ́ nípa ọjọ́ tí wọ́n kúrò, torí kọ̀ǹpútà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lanu, irọ́ níbẹ̀ sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn títí ayé.

Ó wá ku ìbéèrè kejì, tí mo mọ̀ pé òun gan-an ló wà lọ́kàn yín. Ṣé màmá lè máa gbé ilé, kí wọ́n máa yọjú sí yín? Pẹ̀lú green card, rárá. Ẹjọ́ 1988 yẹn ni ìdáhùn. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní re-entry permit, ìyẹn ìwé àṣẹ láti padà wọlé, fọ́ọ̀mù I-131 ni wọ́n fi ń béèrè fún un, ó sì máa ń lo ọdún méjì. Màmá gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, wọ́n á sì tẹ ìka níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti ilé, kò sì ṣeé tún ṣe láti ilé bó bá parí. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ lọ gba ìtọ́jú tàbí tó fẹ́ kọ́lé parí. Ẹni tó bá sì ti lo ohun tó ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn odi nínú ọdún márùn-ún tó kọjá, ọdún kan péré ni wọ́n sábà máa ń fún un. Ẹ kíyè sí i pé ìwé yìí kì í dáàbò bo kíka ọdún tí wọ́n fi ń di ọmọ ìlú.

Ẹni tó bá di ọmọ ìlú nìkan ló lè lo ọdún mẹ́wàá nílé tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í. Fún màmá, ìyẹn jẹ́ ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gba green card, kí wọ́n sì ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ó kéré tán oṣù 30 nínú rẹ̀. Oṣù 13 yìí ti já kíkà náà. Bí wọ́n bá fi SB-1 wọlé, ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa tó lè béèrè. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọdún mẹ́rin yẹn láti fún Amẹ́ríkà. Ẹ má dáhùn fún wọn o.

Bí wọ́n bá ní ilé ló wù wọ́n, físà àbẹ̀wò ló bá irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ mu, kí wọ́n sì fi I-407 dá káàdì padà fúnra wọn lọ́wọ́ ẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n dídá káàdì padà kì í ṣe ìlérí pé wọ́n á rí físà gbà. Ní 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dá físà dúró fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè kan, ó sì yọ àwọn tó ti ní green card sílẹ̀. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ máa ń yí, orúkọ máa ń wọ inú rẹ̀, òmíràn máa ń jáde. Ẹ wo èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbé ìgbésẹ̀, ì báà jẹ́ SB-1, I-130 tàbí àbẹ̀wò, kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ bá yín kà á, kì í ṣe ẹni tó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnì kan nílé lọ sí ilé ìwòsàn náà, kó gba ẹ̀dà fáìlì màmá látojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.