Ṣé ìwé ni kó tóbi, àbí lẹ́tà?

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní oṣù mẹ́jọ rèé tí o ti wà nídìí iṣẹ́ akọ̀wé yìí, pé ọ̀gá rẹ á kàn yọjú, á ní "ṣètò àwọn fáìlì yẹn dáadáa", á sì ti lọ. Bí o bá tẹ̀ lé e pé kí ló ń wí, á ní ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni. Bí o bá ṣe é bó ṣe yé ọ, á ní ta ló ní kí o ṣe é báyìí. O wá ń béèrè bóyá ìwọ lo ò mọ iṣẹ́.

Kì í ṣe pé o ò mọ iṣẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí, ó sì gba owó oṣù lọ́wọ́ mi.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, nílùú Èkó, ni mo wà lọ́dún 2011. Èmi ni mo máa ń to iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá ti òde dé. Ẹnì kan fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀, ẹ̀dà 500. Ọ̀gá fi ìwé kan tí a ti tẹ̀ fún ẹlòmíràn síwájú mi, ó ní, "Bí èyí gan-an ni wọ́n fẹ́ ẹ, kó ṣáà tóbi díẹ̀ sí i." Fóònù rẹ̀ dún, ó jáde.

A5 ni ìwé tó fi sílẹ̀ yẹn, ìyẹn ìdajì A4. Èmi gbà pé ìwé ni kó tóbi, mo bá sọ ọ́ di A4. Ojú ewé 24 ni, kò sì lè má jẹ pépà ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ó sọ sí mi lọ́kàn pé owó tí mo gbọ́ pé wọ́n san kò lè ká ìwé ńlá. Mo ti dìde kí n lọ bi ọ̀gá, mo tún jókòó, torí pé ó ti jágbe mọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Ìjókòó yẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ olóògbé wá kó ìwé. Ó mú ọ̀kan, ó ṣí i sí ojú ewé orin, ó wò ó, ó sì bú sẹ́kún. Lẹ́tà ló ní kó tóbi. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, òun ló ń rò, kí wọ́n lè rí orin kọ nídìí pósí ọ̀rẹ́ wọn. Èmi ti fẹ ìwé, mo ti fẹ àwòrán, lẹ́tà sì wà ní ìwọ̀n 10 tó wà tẹ́lẹ̀. Òru ọjọ́ náà la fi tún un tẹ̀, ọjọ́ kejì sì ni ìsìnkú. Owó pépà tó ṣòfò àti ti pléètì, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ìwé, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Òwe tí àwọn ọ̀gá ń pa fún wa nìyẹn. Òótọ́ ni òwe yìí láàárín àwọn tó ti mọ ojú ara wọn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ á ṣẹ́jú sí lásán tí á sì mọ ohun tó ń wí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, odindi tó máa dà nínú tirẹ̀ lè má jọ ti ọ̀gá rárá. Mo sì tún rí nǹkan mìíràn nígbà tó yá: lọ́pọ̀ ìgbà, ààbọ̀ náà ni ọ̀gá gbọ́. Orí fóònù ni oníbàárà ti sọ fún un pé "ẹ jẹ́ kó tóbi", kò bi í pé kí ni, bó ṣe gbà á ló ṣe gbé e fún mi. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí wọn bí a bá ní kí wọ́n ṣàlàyé. Àlàyé ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ wọn.

Látìgbà náà, mi ò bi ọ̀gá kankan mọ́ pé kí ló ń wí. Ohun méjì ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan: "Ẹ má bínú sà, kí n lè jẹ́ iṣẹ́ yín bó ṣe yẹ ni. Ṣé ìwé ni kó tóbi, àbí lẹ́tà?" Bí òun náà ò bá mọ̀, ojú kò ní tì í, á ní "dúró ná", á pe oníbàárà. Ṣùgbọ́n má bi í níwájú àlejò o, bó ti wù kí ìbéèrè náà dára tó.

Bí ọwọ́ mi bá ká a, mi ò kì í fi ẹnu lásán lọ. Nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, a máa ń ṣẹ́ pépà lásán po bí ìwé náà ṣe máa rí, a ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Dọ́mì là ń pè é. Fún ìwé olójú ewé 24, pépà mẹ́fà péré ni. Mo ti rí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ títí tí mi ò mọ ibi tó ń lọ, àmọ́ bí mo ṣe gbé dọ́mì lé e lọ́wọ́ báyìí, ó ní "Rárá o, kì í ṣe báyìí", ó sì fi ìka tọ́ka síbi tí kò fẹ́. Ẹni tí kò lè fẹnu sọ ohun tó fẹ́, bó bá rí èyí tí kò fẹ́, á dá a mọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń ṣọ́. "Fi ewé méjì kún un" wà lára wọn. Ewé méjì, ojú ewé mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ojú ewé méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn. Ìwé tí a ṣẹ́ po tí a fi píìnì gbá láàárín, mẹ́rin mẹ́rin ló ń lọ: 24 kò lè di 26, àfi 28. Ọjọ́ náà tún ńkọ́? Bí àgbàlagbà bá sọ lọ́jọ́ Ajé pé òun fẹ́ iṣẹ́ òun ní ọjọ́ karùn-ún òní, Ọjọ́ Ẹtì ló ń wí, torí ó ti ka òní mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ọrún. Ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, á bá ara rẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Èmi máa ń pe orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀.

Bí a bá ti sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bí ẹ ṣe wí: ẹ̀dà 500, A5, lẹ́tà 14, ojú ewé 28, Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago méjì òní ni màá ṣe pléètì rẹ̀." Gbólóhùn ìparí yẹn ni kó o dì mú. Mi ò ní kó dá mi lóhùn, mo kàn jẹ́ kó mọ aago tí àtúnṣe ò ní í rọrùn mọ́.

Ọ̀gá kan tún wà tí kì í sọ̀rọ̀ kó yanjú torí pé bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn: bó bá dára, òun ló ni ín, bí kò bá dára, ìwọ lo ò gbọ́. Mo bá irú wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lẹ́yìn tí mo kúrò ní Ṣómólú. Á ka ohun tí o kọ, kò ní í wí nǹkan kan, nígbà tó bá bàjẹ́ tán á ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí tìrẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wá iṣẹ́ mìíràn. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Má sì jẹ́ kí wọ́n yọ owó oṣù rẹ bí wọ́n ṣe yọ tèmi. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 5, ní bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò bìkítà, agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ yọ owó náà láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i lórí ìwé ṣáájú. Abala 7 tún ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ àti owó rẹ láàárín oṣù mẹ́ta tí o bẹ̀rẹ̀. Bí o ò bá tíì rí tìrẹ gbà, fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀.

Ní ti àwọn fáìlì yẹn, má tíì tò gbogbo wọn. Lọ́la, to márùn-ún ní orúkọ, kí o to márùn-ún mìíràn ní ọdún. Gbé méjèèjì sórí tábìlì rẹ̀ kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé báyìí ni, àbí báyìí?" Lẹ́yìn náà, dákẹ́, títí á fi fọwọ́ kan ọ̀kan.