Aṣòfin mẹ́fà fún ẹkùn kan ní Wélsì: ta ni kí n gbé ẹjọ́ mi lọ bá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Canton ní Cardiff ni mò ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, físà iṣẹ́ ni mo sì fi wà níbí. Nígbà ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2024, Cardiff West ni ẹkùn mi. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ Senedd, ìyẹn ilé aṣòfin Wélsì, wọ́n ní Caerdydd Penarth ni mo wà, pé aṣòfin mẹ́fà ló ń ṣojú wa. Ṣé wọ́n ti pa ẹkùn wa rẹ́ ni? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni kí n lọ bá nínú wọn? Ṣé èmi ọmọ Nàìjíríà tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ aláìsàn o, ma. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, torí àìmọ̀ rẹ̀ ló ń mú ọ̀pọ̀ ará wa jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16, tó ń gbé ní Wélsì, tó sì ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, lè dìbò Senedd, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Físà iṣẹ́ tó, ti akẹ́kọ̀ọ́ náà tó. Kí orúkọ yín ṣáà ti wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè fi í sílẹ̀. Wọn kì í béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò níbi ìdìbò Senedd. Ti Westminster, ìyẹn ilé aṣòfin gbogbo UK ní London, ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò pa Cardiff West rẹ́. Ó ṣì wà fún Westminster, pẹ̀lú aṣòfin rẹ̀ kan ṣoṣo. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2024 ló sọ aṣòfin Senedd di 96 láti 60, ó sì ní kí wọ́n so ẹkùn Westminster 32 tó wà ní Wélsì pọ̀ ní méjì-méjì, kí wọ́n di 16, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa yan ènìyàn 6. Cardiff West àti Cardiff South and Penarth ni wọ́n so pọ̀ di Caerdydd Penarth. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin ní Canton àti ẹni tó ń gbé létí omi ní Penarth fi ń pín aṣòfin kan náà, bẹ́ẹ̀ káńsù ọ̀tọ̀ ló ń kó pàǹtírí wọn.

Ìwé ìdìbò kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún yín báyìí, kì í ṣe méjì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ ó rí orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ àwọn olùdíje rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí kò lè ju mẹ́jọ lọ, bí ẹgbẹ́ ṣe tò wọ́n. Ẹgbẹ́ lẹ máa mú, tàbí olùdíje tó dá dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo bí wọ́n ṣe ń pín ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún àwọn ẹgbẹ́. Ká ní ẹgbẹ́ A gba ìbò 40,000, B gba 30,000, C gba 16,000, D gba 9,000. A ló ni ìjókòó àkọ́kọ́. Wọ́n á wá pín ìbò rẹ̀ sí méjì, ó ku 20,000. B ló wá pọ̀ jù, ó mú ìkejì, tirẹ̀ náà di 15,000. A tún fi 20,000 mú ìkẹta. Wọ́n á padà fi mẹ́ta pín 40,000 rẹ̀, ó di 13,333. C fi 16,000 mú ìkẹrin, ó ku 8,000. B fi 15,000 mú ìkarùn-ún, ó ku 10,000. Nínú ohun tó kù, 13,333 ti A ló ga jù, òun ló mú ìkẹfà. A ní 3, B ní 2, C ní 1, D lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá gba ju ìdá kan nínú méje gbogbo ìbò lọ, ìjókòó kan ti dájú fún un.

Ohun tó dùn mí nínú òfin yìí ni pé ẹ ò lè mú ẹnì kan láàárín àwọn orúkọ ẹgbẹ́ kan. Bí ẹni kẹta bá wù yín ju ẹni àkọ́kọ́ lọ, ẹ ò ní ibi tẹ́ ẹ ti máa sọ ọ́. Ní 2017, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Laura McAllister darí dábàá pé kí olùdìbò lè to àwọn olùdíje bó ṣe fẹ́ wọn sí. Àwọn olóṣèlú kò gbà á. Ó yẹ kí wọ́n gbà á.

Ní ti ẹjọ́ yín, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jẹ́ tiyín, títí kan ẹni tí ẹ ò dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé ni kí ẹ gbé lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ físà kì í ṣe tiwọn rárá. Aṣòfin Westminster ti Cardiff West lẹ máa kọ̀wé sí. Ẹ má kọ̀wé kan náà sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà o, kí kálukú má baà rò pé ẹlòmíì ti ń bá a ṣe é. Ẹ mú ẹnì kan, ẹ kọ póòsìkóòdù yín síbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bá kọjá tí kò dáhùn, ẹ lọ bá ẹlòmíì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti kọ́kọ́ kọ̀wé sẹ́nì kan.

Bí aṣòfin kan bá kú tàbí tó fipò sílẹ̀, kò sí àtúndì ìbò mọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e nínú orúkọ tí ẹgbẹ́ tò ló máa wọlé. Nítorí náà, ẹ ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka. 7 oṣù Karùn-ún 2026 ni ọjọ́ ìdìbò àkọ́kọ́ lábẹ́ ètò yìí. Ọdún 4 ni sáà báyìí, kì í ṣe 5 mọ́, wọ́n sì máa tún ààlà àwọn ẹkùn yẹ̀ wò kí ìdìbò 2030 tó dé. Tó bá dìgbà náà, ẹ tún wo ẹkùn yín kẹ́ ẹ tó dìbò.