Kí ni «èròjà amúdàgbà iṣan»?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ka «èròjà amúdàgbà iṣan», NGF (nerve growth factor lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ṣé òun ló ń mú kí apá àwọn tó ń gbé irin ki ni?

Rárá o. «Iṣan» ló ṣì yín lọ́nà, kò sì ṣe ẹ̀yin nìkan. Òun là ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, òun náà là ń pe ohun tó de ẹran mọ́ egungun, àti okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Okùn tín-ín-rín yìí ni NGF bá tan.

«Amúdàgbà» gan-an kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òótọ́ ni pé ó ń mú nǹkan dàgbà: lọ́dún 1952, ní Rio de Janeiro, Rita Levi-Montalcini, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ítálì, gbé ìdì sẹ́ẹ̀lì iṣan láti ara òròmọdìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin sínú àwo, ó fi kókó jẹjẹrẹ eku tì í. Kò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ tí okùn fi yọ yí ìdì náà ká bí ìtànṣán oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ yọ NGF kúrò nínú omi tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà, kíkú ló máa kú. «Agbẹ́mìíró» ni èmi ì bá pè é.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Olùgbàlejò, ìyẹn èròjà tí NGF ń lẹ̀ mọ́, wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. TrkA ni ọ̀kan nínú wọn. Bí àwo bá tutù dé ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, NGF á lẹ̀ mọ́ TrkA, kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, awọ á tẹ̀ kòtò, kòtò á já bọ́ sínú bí àpò kékeré, àlejò àti onílé nínú rẹ̀. (Onílé tó bá àlejò wọ àpò, ẹ ò rí nǹkan!) Èròjà kan, dynein, á wá wọ́ àpò náà láti ṣóńṣó okùn padà sí ìdí sẹ́ẹ̀lì, lórí ohun tó dà bí ojú irin. Oògùn colchicine tó ń tú ojú irin náà ká máa ń dá ìrìn àjò ọ̀hún dúró.

Lọ́dún 1977, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Campenot, pín àwo sí yàrá mẹ́ta. Sẹ́ẹ̀lì wà láàárín, okùn wọn na lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó yọ NGF kúrò láàárín, tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ okùn nìkan, sẹ́ẹ̀lì ò kú: èyí tí okùn gbà ti tó o. Yàrá ẹ̀gbẹ́ tí kò sí NGF, okùn kò wọ ibẹ̀.