Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́jú, ṣé kí n fi iṣẹ́ àdúgbò sílẹ̀ ni?

Ìyá ọmọ kan ló kọ̀wé sí mi láti Mọ́níyà n'Íbàdàn, mo máa gé lẹ́tà náà kúrú torí ó gùn. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, òun ń ta provision níwájú ilé, ọkọ òun ń wa Micra, ìyá ọkọ òun tí orúnkún ń dùn sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe volunteer fún health centre àdúgbò wọn, àwọn ló máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé rán àwọn ìyá létí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn ti tó gbà, tí campaign bá dé á tún tẹ̀lé àwọn tó ń kán ti polio sọ́mọ lẹ́nu. Nínú campaign tó kọjá yìí, ní Sátidé kan, ara ọmọ gbóná nílé, fóònù ìyá ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó mọ àdúgbò tó wà, ìgbà tó fi máa dé ọkọ ti gbé ọmọ lọ sọ́sibítù. Malaria ni. Ọmọ ti gbádùn, àmọ́ ilé ò gbádùn. Ọkọ ní iṣẹ́ tí wọn ò sanwó ẹ̀ ló ń tìtorí ẹ̀ rìn kiri, ìyá ọkọ ní "ọmọ ọlọ́mọ lò ń tọ́jú, o fi tìẹ sílẹ̀," ọmọ fúnra ẹ̀ tó bá ti rí fésì káàpù tí ìyá ẹ̀ máa ń dé lọ síbi iṣẹ́ náà, ẹkún ló máa bú sí. Ó wá ní ṣé kí òun jáwọ́ ni.

Àbúrò mi, kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Mi ò ní ní kó o jáwọ́. Ẹni tí ò mọ̀ ló máa pe iṣẹ́ yẹn ní ìrìn kiri. Ní August 2020 tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé wild polio, ìyẹn oríṣi rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó ti wà látilẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà wa yìí ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ṣì ń bá a jà, kì í sì í ṣe àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì nìkan ló lé e lọ, àwọn obìnrin bíi tìẹ ni, tí wọ́n gbé kúlà kọ́ èjìká nínú oòrùn, tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn, tí wọ́n ń kán ẹ̀kán méjì sọ́mọ lẹ́nu, tí wọ́n ń fi máákà kun ìka kékeré ẹ̀, tí wọ́n tún ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé wọ́n ti débẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí yín gan-an, tó bá ṣeé ṣe jẹ́ kí ọkọ ẹ ka ibi tí mo kọ yìí.

Àmọ́ ohun tó bí ọkọ ẹ nínú lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ó wá ẹ, kò rí ẹ, ọmọ ń gbóná lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á, ó wá fi ìbínú gbé e jáde. Nítorí náà ibẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, má tíì máa ṣàlàyé àǹfààní àjẹsára fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ campaign, wọ́n máa ń pín àdúgbò tí team kọ̀ọ̀kan máa lọ, kọ orúkọ àwọn àdúgbò yẹn sílẹ̀ kó o tó jáde, fi sílẹ̀ fún Mama, fi nọ́ńbà nọ́ọ̀sì àti ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn sí i. Fi káàdì ọmọ àti owó ọkọ̀ síbi tí gbogbo wọn mọ̀. Tí iná ò bá sí mọ́jú, wá ibi tó o ti máa chájì fóònù kó o tó lọ, tí ò bá sì sí charge rárá, fóònù ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ ni kí wọ́n máa pè. Tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ campaign, sọ fún ọkọ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kó lè mọ èyí tó máa fi Micra sílẹ̀ nínú ẹ̀ tàbí kó tètè wálé.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ọkọ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ díẹ̀ níbẹ̀ o. Pé o ò gbowó kò ní kó o máa náwó. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ṣírò ohun tó ń lọ lórí ọ̀kadà àti káàdì fóònù lóṣù, kẹ́ ẹ tún ro ti ọjà tí ò tà nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Lẹ́yìn náà lọ bá nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ní health centre yín àti alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù yín, sọ pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí owó ọkọ̀, tí wọn ò bá ní, kí wọ́n fún ẹ ní àdúgbò tó o lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ọ̀rọ̀ fésì káàpù yẹn ló dùn mí jù nínú lẹ́tà ẹ. Báwo lo ṣe máa ń jáde? Mo fura pé ńṣe lo máa ń yọ́ lọ, wọ́n á ní kí ọmọ wá wo adìyẹ lẹ́yìnkùlé, kó tó yíjú padà ìwọ ti dé títì. Gbogbo ilé ló ń ṣe é, àmọ́ ọmọ ọdún méjì tí ìyá ẹ̀ máa ń pòórá bẹ́ẹ̀ ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́, tó bá ti rí ohun tó jọ ìjáde báyìí á dì mọ́ ẹ láṣọ torí kò mọ ìgbà tó o tún máa pòórá. Dágbére fún un. Kò mọ aago, tó o bá ní aago méjì lo máa dé kò lè yé e, ohun tó mọ̀ ni kó o sọ: "tó o bá jẹun tán, tó o sùn, tó o jí, màámi á ti dé." Kó o sì rí i pé o dé lóòótọ́. Gbé fésì káàpù yẹn fún un kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó dé e fúnra ẹ̀, kó jẹ́ òun ló máa gbé e wá fún ẹ tó o bá fẹ́ jáde. Ó ṣì máa sunkún láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, má tìtorí ẹ̀ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdágbére kúkúrú ló dáa. Má sì pọ̀n ọ́n kiri ojúlé nítorí pé o fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nílé, oòrùn àti eruku yẹn ti pọ̀ jù fún un, o ò sì mọ ilé tí ọmọ ti ń ṣàìsàn. Ọjọ́ tó bá jẹ́ pé inú ọgbà health centre lẹ máa wà, tẹ́ ẹ kàn ń tò àwọn ìyá ọmọ sórí bẹ́ǹṣì, mú un dání kó rí ibi tí ìyá ẹ̀ máa ń lọ.

Ó wá ku Mama. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn ta, mo mọ̀. Àmọ́ ta ló ń dúró ti ọmọ nígbàkígbà tó o bá jáde? Pẹ̀lú bí lẹ́tà ẹ ṣe gùn tó, o ò kọ ọ́ síbì kankan pé o béèrè lọ́wọ́ wọn, ohun tó o kọ ni pé "Mama ṣáà wà nílé." Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tó ń sáré tẹ̀lé ọmọ ọdún méjì látàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó rọrùn fún un, ọ̀rọ̀ burúkú ò ní wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Lọ kúnlẹ̀ bá wọn. Má ṣàwíjàre. Sọ pé "ẹ má bínú mà, mo kàn ń já ọmọ lé yín lọ́wọ́ láìgbàyè," kó o wá bi wọ́n léèrè ọjọ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọjọ́ tí wọ́n bá ní ò rọrùn, má jáde lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ẹ lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti lé yín padà, kì í ṣe ìyá ọmọ ló kọ̀, ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni. Òun ló máa rántí pé nígbà tí wọ́n gún ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn lábẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ara ẹ̀ gbóná mọ́jú, ó parí nìyẹn, àgbo ló kù. Ìwọ ọmọ àná tó dé fésì káàpù, kí lo fẹ́ sọ tó máa gbà? Àmọ́ tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá jókòó tì í tó ní "ara ọmọ á gbóná díẹ̀ o, ti ọmọ ọmọ tèmi náà gbóná, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó ti ń ṣeré," á gbọ́ tiẹ̀. Wá ilé kan nítòsí tí Mama ti ní ọ̀rẹ́, ilé tí wọ́n ti kọ̀ fún ẹ, ẹ jọ rọra rìn lọ, jẹ́ kí Mama sọ̀rọ̀ kí ìwọ dákẹ́, kí bàbá ọmọ dúró ti ọmọ ẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Tí wọ́n bá rí ọmọ yẹn tí wọ́n gbé wá gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, mi ò rò pé wọ́n á tún pè é ní ọmọ ọlọ́mọ mọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, lónìí yìí yọ káàdì àjẹsára ọmọ tìẹ wò. Ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti oṣù 9, pàápàá measles ẹlẹ́ẹ̀kejì tó jẹ́ oṣù 15, ìyẹn lọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbàgbé torí ọmọ ti ń sáré kiri nígbà yẹn. Tí èyíkéyìí bá kù, mú un lọ. Wò ó bóyá inú nẹ́ẹ̀tì ló ń sùn pẹ̀lú, torí malaria tó kọjá yẹn.

O tún fi kún un nísàlẹ̀ lẹ́tà pé alága fẹ́ fi ẹ́ ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀. Sọ fún un pé ẹ ṣeun sà, ó di ìgbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ school. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè lálẹ́, òun ni WhatsApp ẹ̀ kì í sinmi, ilé yín ò tíì lè gba ìyẹn báyìí. Tó bá tẹnu mọ́ ọn, ní èmi ni mo ní kó o kọ̀.