Ẹ Bi Wá: Orin, Dátà àti Àwo Bàbá

Orin ló gba iwájú nínú ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí, láti Àbújá títí dé Kánò. Márùn-ún la rí àyè fún. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ní sùúrù fún wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Dátà 3 GB ni mo máa ń rà lọ́sẹ̀, kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi ń tán. N kì í wo fíìmù. Orin nìkan ni mo ń fi YouTube gbọ́ bí mo bá ń dáná. Ọmọ mi ní kí n lọ sórí Spotify. Ṣé ìyẹn á dín in kù lóòótọ́? — Ìyá Ayọ̀, Kubwa

ÌDÁHÙN: Á dín in kù, Ìyá Ayọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orúkọ áàpù. Àwòrán ló ń jẹ dátà yín. Bí ẹ bá gbé fóònù ti ìgò epo, tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i tí ẹ ń ro ọbẹ̀, fídíò ṣì ń wọlé. Ní 480p, ìyẹn fídíò tí àwòrán rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba, wákàtí kan lè mú tó 500 MB lọ. Wákàtí méjì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta: 3 GB yín nìyẹn.

Orin tí kò ní àwòrán rọrùn láti ṣírò. Ẹ mú iye kbps tí áàpù fi ń kọrin, ìyẹn bí dátà ṣe ń wọlé tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi 0.45 sọ ọ́ di púpọ̀, iye MB tí wákàtí kan máa jẹ nìyẹn. Lórí Spotify, Low jẹ́ 24 kbps, Normal 96, High 160, Very high 320. Normal á jẹ 43 MB ní wákàtí kan, High 72, Very high 144. Wákàtí méjì yín lóòjọ́ lórí Normal kò ní ju nǹkan bíi 605 MB lọ́sẹ̀.

Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ quality sí. Ẹ óò rí i pé ti Wi-Fi dá yàtọ̀, ti dátà dá yàtọ̀, ti orin tí ẹ fẹ́ dáúnlóòdù náà dá yàtọ̀. Ẹ má fi ti dátà sílẹ̀ lórí Automatic, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára ni òun náà á gbé e ga. Ẹ pa Canvas, ìyẹn fídíò kékeré tó ń yí léraléra lẹ́yìn orin. Ẹ pa Autoplay náà, nítorí bí orin tí ẹ yàn bá tán, òun á máa fi tirẹ̀ kún un títí ẹ ó fi sùn. Bí ọ̀dọ̀ YouTube bá ti mọ́ yín lára, YouTube Music ní ibi tí a ti lè yọ fídíò kúrò, àmọ́ ẹni tó ń sanwó oṣù ni wọ́n ṣe é fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e sí 320 kí orin lè dùn, ẹ bi í bóyá ó ti dáná rí. Láàárín ariwo ata díndín àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹnu fóònù tí kò ju èékánná lọ kò lè fi ìyàtọ̀ 96 sí 320 han ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo dáúnlóòdù orin bíi 200 sínú áàpù kí n lè máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Idu dé Rigasa, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já lójú ọ̀nà. Owó oṣù mi tán lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi di Sátidé, kò sí èyí tó dún nínú wọn. Ṣé wọ́n jí orin mi ni? — A.O., Lugbe

ÌDÁHÙN: Wọn kò jí i. Ẹ kò rà á rí ni. Ayálégbé ni ẹni tó ń sanwó oṣù, onílé sì ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sanwó padà, àkójọ yín ṣì máa wà níbẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ẹ ó tún àwọn orin náà dáúnlóòdù. Kódà ẹni tí kò jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Spotify kan íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, kò sì lè kó orin sórí ẹ̀rọ tó ju márùn-ún lọ. Àwọn áàpù tó ń gbá ìdọ̀tí inú fóònù náà máa ń gbá orin dànù mọ́ ọn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa dátà, ẹ tẹ orin mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá dún, ẹ máa lọ sí Idu.

Ẹni tó bá fẹ́ kí orin jẹ́ tòun pátápátá, kó ra fáìlì. Bandcamp, ọjà orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń tà á ní MP3 320, FLAC àti WAV, ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni òun sábà ń yọ lórí orin, yàtọ̀ sí owó tí àwọn tó ń gba ìsanwó ń yọ, kí ìyókù tó kọjá sí ọ̀dọ̀ olórin. Láti 2009 ni iTunes Store náà ti yọ àgádágodo kúrò lára orin tó ń tà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni kádì báǹkì: owó òkèèrè ni wọ́n sábà máa ń béèrè, kádì náírà tí báǹkì kò ṣí fún un kò ní kọjá. Ẹ pe báǹkì ná. Bí ẹ bá sì rà á tán, ẹ fi ẹ̀dà kan sí kọ̀ǹpútà, ẹ fi èkejì síbòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra mẹ́mọ́rì kádì 64 GB ní Farm Centre, ọmọ tó ń ṣe “downloading” sì kó fújì àti wákà kún un fún mi. Fóònù ń kà á, rédíò ọkọ̀ mi ní kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Mo yá 16 GB ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn kọrin, àmọ́ apá kẹta ló ń ṣíwájú apá kìíní. — Alájì M., Sabon Gari, Kánò

ÌDÁHÙN: Alájì, àìsàn méjì ni ẹ kó wá, oògùn wọn kò sì jọra.

Kádì tó bá ti ju 32 GB lọ, exFAT, ìyẹn ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sínú kádì, ni wọ́n fi ń tò ó láti ilé iṣẹ́. 32 GB wá sílẹ̀, FAT32 ni. Fóònù gbọ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀, pàápàá èyí tó bá tòkunbọ̀ wọlé, FAT32 nìkan ló gbọ́. Ẹ lè tún kádì náà tò: ẹ kó orin inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ná, torí gbogbo rẹ̀ ló máa parẹ́, ẹ ṣí áàpù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Rufus, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wo orúkọ kádì dáadáa kó má lọ jẹ́ ohun mìíràn lẹ óò pa rẹ́, ẹ yan Non bootable, ẹ yan Large FAT32, ẹ tẹ Start. Àmọ́ bí ẹ bá bi wá léèrè, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí 32 GB. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 320 kbps kò ju 9.6 MB lọ, 32 GB á gba bíi 3,000 irú rẹ̀. Wákàtí 200 nìyẹn. Ẹ lè wakọ̀ láti Kánò dé Ìbàdàn, kí ẹ padà, kí ẹ tún lọ, kí ẹ má gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti èkejì, ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kì í wo a-b-d. Bí fáìlì ṣe tẹ̀ léra wọ inú kádì ló ṣe ń kọ wọ́n. Bí ọmọ yẹn bá sàmì sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó wọ́ wọn sínú kádì, èyíkéyìí lè kọ́kọ́ wọlé. Ẹ ní kó fi 01, 02, 03 ṣáájú orúkọ wọn. Kì í ṣe 1, 2, 3, torí 10 á ṣíwájú 2. Lẹ́yìn náà kó fi áàpù DriveSort tún wọn tò lórí kádì. Bí orúkọ orin bá ń hàn bí àpótí kéékèèké lójú rédíò, àmì ohùn ló dà á láàmú: ẹ fi áàpù Mp3tag yọ àmì náà kúrò lára ẹ̀dà ti ọkọ̀, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní ID3v2.3, ọ̀nà kan tí a ń gbà kọ àkọlé sára MP3. Ẹ yọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àkọlé náà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún kádì ayédèrú, 8 GB tí wọ́n kọ 64 sí lára. Á ṣe bí ẹni pé ó gba gbogbo orin tí ẹ kó sínú rẹ̀. Ìgbà tó bá kún kọjá 8 GB ni àwọn tó wà níbẹ̀ á máa bàjẹ́. Áàpù kọ̀ǹpútà H2testw ló ń tú àṣírí rẹ̀, àmọ́ ó lè gbà ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹ fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ yín títí á fi parí. Owó tí ẹ sì san nídìí láptọ́ọ̀pù yẹn, ti iná àti iṣẹ́ ọmọ náà ni. Kọ́bọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ onífújì.

ÌBÉÈRÈ: Olórin jùjú ni bàbá wa, wọ́n papò dà lọ́dún 1998. Àwo wọn méje ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ ti gbé mẹ́ta nínú wọn sórí YouTube. A fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ síta fúnra wa kí owó máa wọlé. Ṣé ká kàn gbé ojú àwo kọ̀ọ̀kan sókè bó ṣe wà ni? — Àwọn ọmọ olórin, Kàdúná

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbé e sókè. Ẹ yí àwo náà, kí ẹ ka àkọlé àárín rẹ̀. Orúkọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ℗ ni ẹni tó sọ pé òun ló ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ àwo ni, ẹ wá ìwé àdéhùn bàbá jáde, ẹ má sì gbé e síta láìbá a sọ̀rọ̀. Orin tí bàbá yín fúnra wọn kọ dá dúró lọ́tọ̀: lábẹ́ òfin, ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn títí 2068 á fi parí. Nigerian Copyright Commission, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, lè ṣàlàyé èyí tó bá dojú rú.

Bí ọ̀nà bá mọ́, ó kan ká gba ohùn kúrò lórí àwo. Ẹ̀rọ àwo kò ní iná ohùn tó pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọjá lára phono preamp, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn àwo ga, kó tó dé kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dún tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ẹ fi áàpù Audacity gbà á ní WAV, 24-bit, 96 kHz. Ojú àwo oníṣẹ́jú 20 á tó 690 MB. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù nínú ohùn dúró ní -6 dB, torí ohun tó bá ti kọjá 0 ti fọ́, kò ṣe é tún ṣe. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ nu gbogbo ariwo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti híhó àwo jọra létí ẹ̀rọ. Ibi tí ẹ bá ti ń lé híhó lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ fi ọwọ́ yọ àwọn ibi tó ń ta pàù, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ojú àwo sókè lódindi yìí la fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó orin àtijọ́ ń gbà ṣòfò. Spotify ń ka orin bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú 18 bàbá yín àti ìṣẹ́jú méjì ọmọ ìsinsìnyí dọ́gba: ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ẹni tó gbọ́ ojú àwo náà tán, tó jókòó ti gbogbo oríkì inú rẹ̀, ẹyọ kan ló fún yín. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́rin, ẹyọ mẹ́rin ni. Àmọ́ ọ̀kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í gba owó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń fi òfin yìí wò. Bí ẹ bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mẹ́wàá, tí àwọn èèyàn ń mú èyí tó wù wọ́n nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò ní sí èyí tó máa dé 1,000. Mẹ́ta sí márùn-ún ló dára lójú wa.

Ibo lẹ máa gé? Ibi tí ìlù ti yí padà tàbí tí ẹni tí wọ́n ń kì ti yí padà. Ẹ má gé láàárín oríkì, ẹ má sì jẹ́ kí ohùn máa kú lọ ní ìparí. Ẹ sún àwòrán ohùn náà mọ́ra títí ẹ óò fi rí ìró gángan tó bẹ̀rẹ̀ ìlù tuntun, ẹ gé e díẹ̀ ṣáájú ìró yẹn, níbi tí ìlà ohùn ti ń kọjá lórí òdo, kó má bàa ta pàù. WAV ni kí ẹ fi ránṣẹ́, 16-bit 44.1 kHz ó kéré tán. Bí ẹ bá sọ ọ́ di MP3, MP3 á fi ìdákẹ́ bíńtín kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, orin tó yẹ kó wọ inú ara wọn á wá máa kọ́sẹ̀ níbi tí ẹ gé.

Orúkọ bàbá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbà kọ ọ́ lórí gbogbo àwo méje. Bí ẹ bá fi “Alhaji” sí ọ̀kan, tí ẹ yọ ọ́ lára òmíràn, áàpù á sọ wọ́n di èèyàn méjì. Àwòrán iwájú àwo, 3000 × 3000 píkísẹ̀lì, kó má sí nọ́ńbà fóònù lórí rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Alágbàtà tó máa kó o lọ sórí áàpù ló máa fún orin kọ̀ọ̀kan ní ISRC, àmì ìdánimọ̀ orin, oníhóró 12, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó jáde, ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó fọwọ́ sí i: bí a kò bá san owó ọdún tó ń bọ̀, ṣé orin á kúrò níbẹ̀?

Ní ti àlejò orí YouTube, ẹ má sáré ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ ní kí alágbàtà yín fi Content ID, ètò YouTube tó ń dá orin mọ̀, gba owó rẹ̀. Àwọn tó ti ń gbọ́ ọ kò ní sọnù, owó ìpolówó á sì yí sọ́dọ̀ yín. Ti orin tí bàbá kọ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí lọ́wọ́ alágbàtà rárá. Ẹgbẹ́ agbowó bíi MCSN lẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí náírà àkọ́kọ́ tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé àwo ti padà? Mo rí èyí tí wọ́n ń tà ní Terminus. — T., Jos

ÌDÁHÙN: Ní Amẹ́ríkà, ó padà díẹ̀: lọ́dún 2022 wọ́n ta àwo mílíọ̀nù 41 àti sídì mílíọ̀nù 33, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987 tí àwo ju sídì lọ níye. Àmọ́ nínú bílíọ̀nù 29.6 dọ́là tí IFPI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ àwo gbogbo ayé, ní orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ pa lágbàáyé lọ́dún 2024, ìpín 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti inú sítíríìmù wá.

Ti Terminus, ẹ gbé àwo náà dẹ́gbẹ̀ẹ́ sójú oòrùn kí ẹ tó náwó. Ìlà tínínrín tí èékánná kò lè kọ́ kì í ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Èyí tí èékánná bá kọ́, abẹ́rẹ́ á kọ́ ọ. Ẹ gbé e sí iwájú ojú, kí ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ti wọ́. Bó bá wúwo, tó le bí àwo tánganran, tí wọ́n sì kọ 78 sí i, ẹ má fi spirit nù ún, yíyọ́ ló máa yọ́. Nígbà ọyẹ́ sì rèé, aṣọ gbígbẹ kò dára, ńṣe ló ń mú kí àwo fa eruku mọ́ra. Ẹ fi omi dístílì rin ín díẹ̀, ẹ nù ún yíká bí ìlà rẹ̀ ṣe yí, ẹ dá a dúró lóòró kó gbẹ.