Ilé epo fẹ́ dé ẹnu àdúgbò wa, àwọn ọmọ wa sì ń sáré kọjá títì: kí ni ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, níhà Agric. Láti ìgbà tí BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, ti dé ni ilẹ̀ wa ti di ọ̀wọ́n gógó. Ní báyìí, ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí kan tó kọjú sí títì, pulọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó fẹ́ fi kọ́ ilé epo. Òdìkejì títì ni ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa wà, eré ni wọ́n sì fi ń kọjá. Àwọn àgbà ní kí ìjọba bá wa ṣe bọ́m̀pù sójú títì. Àwọn ọ̀dọ́ ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ la nílò. Kí ni ká kọ sínú lẹ́tà wa? Ṣé ilé epo yẹn ò sì ní kó bá wa?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú aájò àdúgbò. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má béèrè bọ́m̀pù, ẹ má sì jẹ́ kí afárá nìkan jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ máa béèrè. Ìrìn ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín: ìrìn tí ará àdúgbò yín ń rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ibi tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì, àti èyí tó ń rìn padà lálẹ́. Ibi tí ìrìn yẹn bá ti bàjẹ́ ni ẹ̀mí ti ń ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ilé epo wà nínú rẹ̀ náà, a máa dé ibẹ̀.

Ọ̀nà ìrìn àjò ni ọ̀nà Ìkòròdú nígbà kan. Ẹni tó ń lọ sí Èkó ló ń gbà á kọjá, oko àti irà ló pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni BRT àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2015, wọ́n fà á dé Ìkòròdú, kìlómítà 13 mìíràn, wọ́n fẹ títì, wọ́n sì gbé ọ̀nà BRT sí àárín gan-an. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn nígbà náà, inú mi ṣì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì bá ti wà láàárín títì, kò sí èrò kan tí kò ní kọjá níwájú mọ́tò. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ń kọjá ìdajì títì kan, tó bá dé nírọ̀lẹ́, ó tún di dandan kó kọjá ìdajì kan. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ BRT ní ọ̀dọ̀ yín láìkọjá títì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìkọjá títì fi jẹ́ apá kan iṣẹ́ bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ohun tí a ń tọrọ bí ẹni tọrọ sàráà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ipa ọkọ̀ kan, ìyẹn àyè tí ọkọ̀ kan ń gbà lójú títì, fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta àbọ̀. Mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn mítà mẹ́wàá àbọ̀. Ẹni tára rẹ̀ le ń rin nǹkan bíi mítà kan lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó máa lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kó tó dé ibi ààbò. Mọ́tò tó ń sá 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan á ti rin igba mítà láàárín àkókò yẹn. Bí ọmọ ọdún méje bá wo òsì rẹ̀, tó rí mọ́tò ní mítà 150, ojú rẹ̀ á sọ fún un pé mọ́tò náà ṣì jìnnà. Irọ́ ni ojú ń pa fún un. Bí awakọ̀ bá sì rí ọmọ náà, tí bíréèkì rẹ̀ dára, tí títì gbẹ, yóò ṣì rìn ju àádọ́ta mítà lọ kó tó dúró. Tó bá jẹ́ pé 50 ló ń sá, bí òfin ṣe sọ fún inú ìlú, á dúró láàárín nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí eré mọ́tò tó kọlu ẹlẹ́sẹ̀ bá kúrò ní 50 bọ́ sí 65, ewu ikú ẹlẹ́sẹ̀ náà ń di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Kìlómítà 15 péré ló fa ìyàtọ̀ yẹn.

Mo ti dúró lẹ́bàá ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà yìí nírọ̀lẹ́, ìwé àti bírò lọ́wọ́ mi, tí mò ń ka àwọn tó ń kọjá. Ìyá kan gbé abọ́ ẹja lórí. Dánfó kan dúró fún un ní ipa àkọ́kọ́, kọ̀ńdọ́ ń juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ó bọ́ sójú títì. Dánfó yẹn ga, ó bo gbogbo ipa kejì mọ́ ọn lójú, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan sì ń bọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọmọbìnrin oní-POS tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn ló fa ìró ìyá náà sẹ́yìn. Abọ́ ẹja dà sílẹ̀, ìyá náà ń gbọ̀n, dánfó ti lọ. Ẹni tó dúró fún un kò ṣe búburú kankan. Ohun tó fẹ́ pa á ni pé ipa mẹ́ta ló wà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì dúró.

Ìdí nìyẹn tí ìlà síbírà lásán, ìlà dúdú àti funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá, kò fi lè tó níbi tí ipa ọkọ̀ bá ti ju ẹyọ kan lọ. Iná tó ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà ló yẹ ibẹ̀.

Bọ́m̀pù ńkọ́? Ẹ ṣe é sí inú àdúgbò yín, ó dára gan-an níbẹ̀. Lórí títì ńlá, tánkà àti tírélà ló ń kọjá. Lóru, ẹni tí kò mọ̀ pé bọ́m̀pù wà níbẹ̀ á tẹ bíréèkì lójijì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á sì kó wọ̀ ọ́ nídìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi kọnkéré ṣe é fúnra wọn.

Ní ti afárá, mi ò lòdì sí i. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń sáré gidi, tí kò sì sí bí a ṣe lè dín eré wọn kù, afárá sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí à ń kọ́ ọ fún. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn tó ga ju ilé alájà kan lọ, kó rìn lókè, kó tún sọ̀ kalẹ̀, nítorí kó lè dé ibi tí òun ń fojú rí ní òdìkejì. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò tilẹ̀ lè gun àtẹ̀gùn. Lálẹ́, tí iná kò bá sí lórí afárá, obìnrin tó ní làákàyè á bẹ̀rù olè ju mọ́tò lọ. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá gba ojú títì kọjá, a ó máa mú wọn, a ó sì máa pè wọ́n ní aláìgbọràn. Ó ń dùn mí. Nítorí náà, afárá tó bá ti wà nítòsí yín, ẹ béèrè iná sí i, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọmọlanke àti kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn. Ní tòsí ilé ìwé, ẹ béèrè ọ̀nà ìkọjá nílẹ̀, kó ní iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, kó ní ibi ìdúró tí kọnkéré yí ká láàárín títì kí ọmọdé lè kọjá ní ìdá méjì, kí wọ́n sì fún ipa ọkọ̀ pọ̀ díẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, nítorí awakọ̀ máa ń dẹ eré níbi tí ọ̀nà bá fún. Ojú títì máa ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ju pátákó lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi kọnkéré bo gọ́tà láti ẹnu àdúgbò yín dé ibùdókọ̀, kó fẹ̀ tó mítà méjì ó kéré tán, kí ẹni méjì tó rẹrù lè yà fún ara wọn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń tajà lẹ́yìn ọ̀nà yẹn. Ìyá oníbọ̀lì máa wá síbi tí èrò wà, a fẹ́ a kọ̀. Bí a kò bá fún un láyè, orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló máa gbé iná rẹ̀ kà, àwa la ó tún padà sójú títì. Ẹ sì béèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti dánfó lè yà sí láti já èrò, kúrò lójú ipa ọkọ̀.

Ó wá ku ilé epo. Wàhálà ilé epo lẹ́nu àdúgbò ni pé ó nílò ẹnu ọ̀nà ńlá méjì, ìwọlé àti ìjáde, méjèèjì yóò sì gé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yín. Tánkà á máa yí ìdí sẹ́yìn níbi tí àwọn ọmọ ń kọjá. Ọjọ́ tí epo bá wọ́n, ẹ mọ ibi tí ìlà ọkọ̀ máa ń gùn dé. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ibùdókọ̀ jù sì ni ilẹ̀ tó yẹ kí èèyàn pọ̀ sí jù. Lórí pulọ́ọ̀tì mẹ́rin yẹn, tí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀ tí a sì fi yàrá lé e lórí ní àjà mẹ́ta, ogún sí ọgbọ̀n ìdílé lè gbé níbẹ̀, kí gbogbo wọn máa fẹsẹ̀ rìn lọ wọ bọ́ọ̀sì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Owó ilé tí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà á máa gbà kò ní dáwọ́ dúró, nígbà tí owó tí wọn ì bá ta ilẹ̀ náà á ti tán. Tí ẹbí náà kò bá lówó tí wọ́n lè fi kọ́ ọ, wọ́n lè fún ẹni tó ní owó ní ilẹ̀ náà fún iye ọdún kan, kí wọ́n jọ máa pín owó ilé náà. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wò ó. Kí ẹnu ọ̀nà mọ́tò ilé náà wà ní ojú ọ̀nà inú, kì í ṣe ojú títì. Ilé epo lè wà láàárín ibùdókọ̀ méjì, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ kò ti pọ̀.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Ní Curitiba, ní Brazil, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Ohun tó mú kí ti wọn dúró ni pé òfin ìkọ́lé wọn bá bọ́ọ̀sì rìn: ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti gbà kí ilé ga, tó bá ti jìnnà sí i, ilé á máa relẹ̀. Bọ́ọ̀sì rí èrò, èrò rí bọ́ọ̀sì. Àwa ní Ìkòròdú ti ní bọ́ọ̀sì. Bí a ṣe ń lo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a kò tíì mú ní ọ̀kúnkúndùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ohunkóhun, ẹ mú pílánì ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Súfíọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní Alausa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbà á tàbí bóyá títì máa jẹ ẹ́. Lórí títì ìjọba àpapọ̀, mítà 45.72 láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ti ìjọba, ó sì ti jẹ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò béèrè. Ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé, èyí tó wà ní Ìkòròdú níbẹ̀, ni kí ẹ kọ̀wé sí nípa ilé epo. Ẹ kọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé náà. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ìjà náà á le.

Ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí: géètì yín. Ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀ ló ti ti gbogbo ẹnu ọ̀nà pa àfi ẹyọ kan nítorí olè. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibùdókọ̀ ní igba mítà á wá rin ẹgbẹ̀rin mítà yí po. Ó máa gun ọ̀kadà ni. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà kékeré sára àwọn géètì tó kù, tí èèyàn lè gbà ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò lè gbà, kí ọlọ́dẹ máa tì í ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Èyí kò nílò ìjọba rárá.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà. Gbogbo ibùdókọ̀ kọ́ ló yẹ kí ilé pọ̀ sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò Ògùn kún, ilé rì ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà yìí kan náà. Ilẹ̀ irà tó wà lápá ibẹ̀ àti Májídùn, ẹ jẹ́ kí omi ní in. Tí ẹbí yín kan bá ní ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń sọ pé àwọn náà fẹ́ kọ́ alájà mẹ́ta nítorí BRT ń kọjá níwájú rẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti lẹ́tà, iye ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ mú ẹni mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka àwọn tó ń kọjá láti agogo mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, àti láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ alẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì àti Sátidé kan. Kí wọ́n kọ iye ọmọ ilé ìwé sọ́tọ̀, iye ẹni tó rẹrù sọ́tọ̀, àti ibi tí wọ́n ti kọjá gan-an, kì í ṣe ibi tí a rò pé ó yẹ kí wọ́n gbà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí LAMATA tó ń bójú tó BRT, ẹ̀dà kan sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú, ẹ̀dà kan sí káńsù yín, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tẹ lẹ́tà yín. Màá bá yín sàmì sí ibi tó yẹ kí ọ̀nà ìkọjá náà wà.