Igi splay kò lè sọ ibi tí kọ́nà ń lọ fún ọ

Àbúrò mi, o kú ìrònú. O ní o fẹ́ fi igi splay, ìyẹn ọ̀nà ìtò dátà nínú kọ̀ǹpútà tó ń tún ara rẹ̀ tò bí a bá ṣe ń lò ó, mọ ibi tí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá gbá máa gbá kọ́nà sí, pé ohun tó bá ti wà lókè igi ni kí ẹ múra sílẹ̀ dè. Èmi náà ti ṣe irú àkọsílẹ̀ yìí fún kóòṣì kan ní Old Parade Ground ní Garki, Abuja níbí. Má ṣe é bẹ́ẹ̀ o.

Ohun tí a fọwọ́ kàn kẹ́yìn ló máa ń wà lókè igi. Bí Sleator àti Tarjan, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó hùmọ̀ rẹ̀, ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1985 nìyẹn: nóòdù (ojú kọ̀ọ̀kan tí dátà wà lórí igi) tí o bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igi á yí i títí yóò fi dé òkè. Ká ní ẹgbẹ́ kan ti ń gbá kọ́nà sí òpó tó jìnnà látìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá gbá kúkúrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lánàá. Kúkúrú yẹn ló máa jókòó lókè. Kóòṣì tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e, góòlù á wọlé rẹ̀.

Wíwò náà tún ń yí igi. Bí eré bá dé ìdajì, kóòṣì á ní kí n ṣí kọ́nà apá òsì fún òun, kò ní pẹ́, á tún ní kí n ṣí i. Tí wíwò bá ń gbé nóòdù gòkè, ìbéèrè tiwa ni igi ń kọ́, kì í ṣe ìṣe wọn. Jẹ́ kí àkọsílẹ̀ tuntun nìkan máa yí i.

Fi ipò eré ṣe kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ohun tí igi á fi máa to nóòdù: apá pápá ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà bóyá wọ́n ń borí tàbí wọ́n ń pàdánù, kí ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e. Nínú nóòdù kọ̀ọ̀kan, máa ka iye ìgbà tí wọ́n gbá a sí òpó tó súnmọ́, òpó tó jìnnà, tàbí kúkúrú. Iye yẹn ni àsọtẹ́lẹ̀ rẹ. Igi kàn ń gbé ọ débẹ̀ kíákíá ni, bí ipò náà gan-an kò bá sì sí, wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tó o bá fẹ́ kí igi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí Douglas Jones, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbà ní 1988 láti fi fún fáìlì pọ̀ ni kó o wò. Ewé, ìyẹn nóòdù tí kò ní ọmọ lábẹ́, nìkan ló ń gbé àmì (bíi lẹ́tà inú fáìlì) níbẹ̀, bí ewé bá sì sọ̀kalẹ̀ ní ìpele kan, ìrètí pé òun ló kàn á dín sí ìdajì.

Fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Excel tó, kọ́nà wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí o bá máa kọ kóòdù igi náà, ṣọ́ ibi tí ọmọ àti bàbá (nóòdù tó wà lókè rẹ̀) wà lápá kan náà: yí bàbá lórí bàbá àgbà ná, kí o tó yí ọmọ. Bí o bá ń yí ọmọ nìkan lọ sókè, ìdánilójú log n, pé ní ìpíndọ́gba wíwá nǹkan kò ní pẹ́ bí nóòdù tilẹ̀ pọ̀, ti lọ nìyẹn.